Trákítọ̀ oníjíà àbí haidirọsítátíìkì: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá ń wá trákítọ̀ kékeré tòkunbọ̀ rà ní Òṣogbo, ẹni tó ń tà á yóò ní, "Haidirọ́líkì ni o!" Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Apá ẹ̀yìn tó ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, ọ́ìlì ló ń gbé e, ìyẹn ni haidirọ́líkì, trákítọ̀ oníjíà náà sì ní in. Haidirọsítátíìkì yàtọ̀. Ọ́ìlì ló ń yí táyà fúnra rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ńpù, pọ́ńpù ń ti ọ́ìlì lọ bá mọ́tò kékeré kan, ìyẹn ló ń yí táyà. Bí ọ́ìlì tó ń kọjá bá ṣe pọ̀ tó lẹ ó ṣe yára tó. Ìfúnpá inú rẹ̀, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, ló ń sọ ẹrù tí ẹ lè fà.

Ní ti ìrọ̀rùn, haidirọsítátíìkì ló borí. Ẹsẹ̀ lásán lẹ fi ń lọ síwájú, lẹ fi ń padà sẹ́yìn, láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ní ti dísù, oníjíà ń ṣọ́ ọ lò jù, torí ọ́ìlì máa ń sọ lára agbára ẹ́ńjìnnì di ooru.

Ooru yẹn ló kó mi sí gbèsè. Àárọ̀ kùtù ni ẹni tó ta haidirọsítátíìkì fún mi ní kí n wá wò ó. Ó gun òkè níwájú mi láìmí hẹlẹ, mo sanwó. Lọ́jọ́ kẹta, lóko lọ́nà Ìkìrun, oòrùn kàn tàrí, ó dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò tó nǹkan. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ò yí. Mo jókòó sábẹ́ igi fún bíi wákàtí kan, ó tutù, ó tún rìn! Nígbà tí mẹkáníìkì tú fílítà, lẹ́búlẹ́bú irin ń dán yinrinyinrin nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ńpù ti jẹ. Bí ọ́ìlì bá tutù, ó máa ń ki, kò rí àlàfo sá gbà. Bó bá gbóná, á ṣàn bí omi, á máa gba ibi tó ti jẹ sá padà."

Owó pọ́ńpù yẹn tó ìdajì owó tí mo fi ra trákítọ̀.

Nítorí náà, ẹ má dán an wò ní tútù. Ẹ lò ó fún wákàtí kan kí ẹ tó gun òkè. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń yẹ ọ́ìlì haidirọsítátíìkì wò yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́, bó bá ń rùn bí ohun tó jó, ó ti gbóná kọjá ààlà rí. Bó bá sì kú sójú ọ̀nà, ẹ má fi okùn fà á láìṣí fáàfù tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì yà, kó má baà ba pọ́ńpù jẹ́.

Kílọ́ọ̀ṣì oníjíà náà ń jẹ, àmọ́ mẹkáníìkì ìgboro mọ̀ ọ́n tú. Mélòó nínú wọn ló ní mítà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ọ́ìlì?

Méjèèjì wúlò. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kíkó ẹrù lọ-bọ̀ lójú kan, tí owó trákítọ̀ tuntun sì wà lọ́wọ́, ẹ ra haidirọsítátíìkì. Bó bá jẹ́ oko títú ni, tó sì jẹ́ tòkunbọ̀, oníjíà ni. Tèmi, oníjíà tí mo wá rà lẹ́yìn ìyẹn, ti lo òjò mẹ́rin báyìí. Kílọ́ọ̀ṣì kan péré ni mo tíì pààrọ̀.