Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ mi ń lọ ní Kétu, ilẹ̀ Benin, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn kan ń bi mí nípa ibi tí ọmọ mi obìnrin ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́, lọ́nà Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, níbẹ̀ yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo fẹ́ sọ dáadáa wọn, mo sì fẹ́ sọ àléébù. 3ème, ìyẹn kíláàsì kẹrin ilé ìwé girama, lọmọ náà wà, BEPC, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níparí kíláàsì yẹn, ló wà níwájú ẹ̀, ìṣirò sì ń já a láyà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, owó mi kàn ń bómi lọ ni. Olùkọ́ á kọ sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ, ó parí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọn ò pèpàdé. Ṣebí ẹ mọ ìpàdé òbí lọ́dọ̀ wa níbí, bí àgbà kan bá ti dìde tó ní pàṣán làwọn ọmọ yìí ò jẹ tó, ta ló máa sọ pé bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa á ní bẹ́ẹ̀ ni o, a ó mu omi tútù, a ó túká. Wọ́n kàn fìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sáwa bí ọgbọ̀n, olùkọ́ CEG (ilé ìwé girama ìjọba), àwa òbí, títí kan ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà CEG, kò sì sórúkọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Wọ́n kó ìdáhùn jọ, wọ́n dá a padà fún wa ká rí ohun táwọn tó kù wí, ká tún dáhùn, ẹni tí tiẹ̀ bá sì yàtọ̀ gan-an, kó kọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é.

Mo bi ọ̀gá wọn pé níbo lẹ ti rírú èyí, ó ní Delphi ni wọ́n ń pè é, pé àwọn RAND, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1950, ọ̀rọ̀ ológun ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe kó tó dé ilé ìwé àtilé ìwòsàn. Delphi gan-an nibi táwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Mo ní á à, ẹ̀yin náà ń difá! Àmọ́ kí ọgbọ̀n babaláwo dáfá ọ̀rọ̀ kan, kẹ́nì kan má mọ ẹni tó sọ èwo, ìyẹn ni mi ò rí rí.

Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wa kọ ọ́ pé kí wọ́n fi kún wákàtí ìṣirò. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ pé ìṣirò kọ́ ló ń lé àwọn ọmọbìnrin lọ, ọ̀nà tó ṣókùnkùn ni, tó bá ti di aago méje ọkàn wọn ti délé. Nígbà kẹta, àwọn tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá 75%, ìyẹn ààlà tí wọ́n ti fi lélẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Títí dòní a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ní báyìí aago mẹ́fà ni wọ́n ń ṣíwọ́, èyí tó kù di àárọ̀ Sátidé, ọmọ márùn-ún márùn-ún ló ń jókòó pọ̀, ibi tí Faransé bá ti há, wọ́n á fi Yorùbá là á. Ọmọ mi kúrò ní 7 lórí 20, ó ti di 11. Ó lè jẹ́ pé orí ẹ̀ ló jí ṣá o.

Àléébù wá ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ fúnra wọn, ìgbà kẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn! Wọ́n tún fòfin de fóònù torí pé àwa tá a ní kí wọ́n má fòfin dè é ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ orí fóònù lọmọ mi ti ń tún ìṣirò wò, ṣé torí pé èèyàn pọ̀ sí apá kan lapá yẹn fi gbọ́n jù ni? Ìwé náà sì jẹ́ Faransé nìkan. Ìyá onírẹsì ò mọ̀ ọ́n kà, ọmọ ẹ̀ ló kà á fún un tó tún bá a kọ ọ́, báwo ló ṣe máa sọ tọmọ náà níbẹ̀?

6 000 CFA ni lóṣù. Ẹ lọ ní Sátidé kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ìyá onírẹsì ní kí n bá òun bi wọ́n bóyá ìwé ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ́ ti Yorùbá. Wọ́n ní àwọn ń rò ó.