Ìpara Metvix àti iná pupa: fún èèpá oòrùn awọ àfín ni, kì í ṣe fún egbò

Àfín tó ti pẹ́ nínú oòrùn Ìlọrin, pàápàá ẹni tó ń pàtẹ ọjà ní Ìpàtà tàbí tó ń roko lọ́nà Àfọ̀n, sábà máa ń ní èèpá gbígbẹ níwájú orí, létí àti lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ fọwọ́ pa á, á ṣe ṣákiṣàki bí iyanrìn. Èèpá yìí lè di jẹjẹrẹ bí a bá fi í sílẹ̀, òun gan-an sì ni Metvix mọ̀ ọ́n bá jà.

Ìpara náà kò dá pa nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ máa ń fà á mu ju awọ tó dá ṣáṣá lọ, á sì sọ ọ́ di èròjà kan tó ń jẹ́ protoporphyrin IX. Bí iná pupa bá tàn sí èròjà yìí, á lo ọ́síjìn inú ara láti pa sẹ́ẹ̀lì náà látinú. Iná láìsí ìpara, iná lásán ni. Ìbòjú oníná pupa tí wọ́n ń tà lórí fóònù fún dídán ojú kò lè wo jẹjẹrẹ, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.

Mílígíráàmù 160 oògùn ló wà nínú gíráàmù kan ìpara. Dókítà awọ ara á kọ́kọ́ ha èèpá kúrò jẹ́jẹ́, á kun ìpara nípọn tó mílímítà 1, á jẹ́ kó kọjá etí èèpá ní mílímítà 5 ó kéré tán. Wọ́n á fi báńdéèjì bò ó fún wákàtí 3, wọ́n á fi omi iyọ̀ nù ún, kí wọ́n tó tan iná: iná pupa tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 630, ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ júùlù 37 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, kí iná jìnnà sí awọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Ìṣẹ́jú bíi 7 sí 10 ni. Aláìsàn àti òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ jígí. Ó máa ń ta gan-an, bí ìgbà tí ata rodo bá kan ojú egbò. Fáànù àti omi tútù ni wọ́n fi ń rọ̀ ọ́.

Bí a kò bá ha èèpá dáadáa, ìpara ò ní dé ìsàlẹ̀. Bí òógùn bá tú báńdéèjì, ìpara á ṣí kúrò níbi tó yẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, ìwọ̀n iná ò pé, nítorí náà ilé ìwòsàn tí kò ní ínfátà, ẹ má bá wọn bẹ̀rẹ̀. Inú fíríìjì, ìwọ̀n otútù 2 sí 8 ti Celsius, ni túùbù ń gbé. Òróró ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀pà ń bá ara rẹ̀ jà sọ fún dókítà ṣáájú.

Ibi tí ọwọ́ ìtọ́jú yìí kò tó: kò wọnú awọ jìn. Egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó wú, tó kọ̀ tí kò jinná, tó sábà ń jẹ́ jẹjẹrẹ gidi lára àfín, iṣẹ́ abẹ ló ń fẹ́. Ẹni tó bá tan iná sí irú egbò bẹ́ẹ̀ láìgé bíńtín lọ sí lábù ń fi àkókò aláìsàn ṣòfò ni.

Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń lo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dípò iná: aláìsàn á kun ìpara, á sì jókòó síta fún wákàtí 2. Àfín tí a ti ń kìlọ̀ fún látìgbà èwe pé kó sá fún oòrùn! Iná inú ilé la fara mọ́.

Lẹ́yìn ìtọ́jú Metvix, kí ojú ibẹ̀ wà ní bíbò kúrò lójú oòrùn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Èyí sàn ju Photofrin lọ, abẹ́rẹ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995 fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun: oṣù kan gbáko, ó kéré tán, lẹni tó gbà á fi ń sá fún oòrùn. Ta ni yóò máa bá a lọ sọ́jà?