Wiktionary fún Proto-Slavic: ẹ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ èdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo apá Proto-Slavic tó wà lórí Wiktionary, ìwé atúmọ̀ èdè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Proto-Slavic ni ìyá Russian, Polish, Czech, Serbian àti Bulgarian. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí, àwọn ọmọ ẹ̀ ni wọ́n ń fi wéra wọn kí wọ́n tó mọ bí ìyá ṣe rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àmì * síwájú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ẹ ṣí *vьlkъ, ìkookò nìyẹn. Kesì 7, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀ ń mú nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn, ló wà nínú tébù ẹ̀, ẹyọ kan ní tiẹ̀, méjì ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ náà ní tiẹ̀. Tó o bá ń pe ìkookò, *vьlče ni, tó o bá ń sọ ibi tí nǹkan wà lára ẹ̀, *vьlcě ni. Ẹ wo k yẹn bó ṣe di č níbì kan tó tún di c níbòmíì! Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ló fà á, ti č ló sì kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ti c wá dé lẹ́yìn ẹ̀. Èmi tí ìkookò mi kì í yí padà níbi yòówù kó wà nínú gbólóhùn, ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Wọn ò sì díbọ́n. Tó bá kan "pẹ̀lú ìkookò", *vьlkъmь àti *vьlkomь ni wọ́n kọ pọ̀, wọ́n ṣàlàyé sísàlẹ̀ pé ti àríwá ni àkọ́kọ́, ti gúúsù ni ìkejì.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí wọ́n to àwọn ọmọ sí. Ẹ mú *rǫka, ọwọ́. Ọwọ́ méjì jẹ́ *rǫcě, òun ló di ręce lẹ́nu àwọn ará Poland lónìí, wọ́n sì ń lò ó fún ọwọ́ yòówù kó pọ̀ tó. Slovene àti Sorbian tó wà ní Jámánì ṣì ń ya méjì sọ́tọ̀ ní tiwọn, Bulgarian ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gbogbo kesì dànù.

Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn: àwọn àmì orí lẹ́tà àti a, b, c tí wọ́n fi ń pín ohùn máa ṣòro fún ẹni tuntun. Ẹ kọ́kọ́ ka Old Church Slavonic díẹ̀, èdè tí àwọn míṣọ́nnárì Cyril àti Methodius fi ṣiṣẹ́ ní Moravia láti nǹkan bí 863, torí tébù tiẹ̀ sún mọ́ ti Proto-Slavic pẹ́kípẹ́kí. 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Tébù orí Wiktionary yẹn máa ń wà ní pípadé o, ẹ tẹ orí ẹ̀ kó lè ṣí.