X5675 tàbí X5690: èwo ni ká fi sínú kọ̀ǹpútà Mac Pro ọdún 2010?

Kọ́ọ̀ (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò) mẹ́fà-mẹ́fà ni àwọn processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel méjèèjì yìí ní, ihò kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. X5690 ń sáré 3.46 GHz, àmọ́ ooru rẹ̀ lè tó 130 W, ó sì sábà máa ń wọ́n jù. X5675 ń sáré 3.06 GHz, 95 W péré sì ni tirẹ̀.

Ewu àtifi wọ́n sí i kò yàtọ̀. (Ẹ ṣọ́ra fún Mac Pro ti 2009 oníprocessor méjì o: àwọn processor rẹ̀ kò ní ìdérí irin, bí ẹ bá fún síkúrù rẹ̀ jù, ihò lè bàjẹ́.)

Bí iṣẹ́ yín bá ń dúró de kọ́ọ̀ kan ṣoṣo, X5690 ni. Bí ẹ̀rọ kì í bá sinmi tọ̀sán-tòru, tàbí tí yàrá yín móoru, X5675 ti tó.