After Effects, Adobe Animate àti DaVinci Resolve: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ń Mú Ọ̀rọ̀ Yorùbá Rìn Nínú Fídíò Rà?

Ọ̀pọ̀ ìfiwéra tí a ń rí kà nípa software tí ń mú kí ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, kí ó rìn tàbí kí ó jó nínú fídíò ni a kọ fún ẹni tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, nítorí náà wọn kì í béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àmì ohùn. Àwa tí à ń ṣe fídíò ọ̀rọ̀ orin, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìkéde ìsìnkú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé ní èdè Yorùbá kò lè fo ìbéèrè yẹn, nítorí òun gan-an ló máa ń pinnu bóyá oníbàárà yóò gba iṣẹ́ tàbí yóò dá a padà. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: After Effects, Adobe Animate, àti DaVinci Resolve, pàápàá apá tí wọ́n ń pè ní Fusion nínú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní timeline, ìyẹn ìlà tí ó ń fi àkókò fídíò hàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lo keyframe, ìyẹn ibi tí a sàmì sí lórí ìlà náà láti sọ bí nǹkan yóò ṣe rí ní àkókò yẹn, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. DaVinci Resolve Studio, ìyẹn ẹ̀dà Resolve tí à ń sanwó fún, ni mo fi owó ara mi rà. Mo ti fi àwọn méjì yòókù ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

Àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ń fa wàhálà náà ná. Nínú Unicode, ìyẹn ètò àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni à, á, è, é, ò àti ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ kí a tó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́, àti àmì ohùn tí ó dá dúró, tí a wá gbé lé lẹ́tà náà lórí. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan ni. Lójú software tí nọ́ńbà nìkan ni ó ń kà, méjì ni. Bí m̀ náà ṣe rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ń àti ǹ ní nọ́ńbà tiwọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró sójú kan, tí fọ́ǹtì sì dára, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Ìgbà tí a bá ní kí lẹ́tà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọ̀ràn máa ń yọjú. Software tí kò mọ̀ pé àmì àti lẹ́tà jẹ́ ara kan yóò mú lẹ́tà ọ wọlé, yóò sinmi díẹ̀, kí ó tó wá mú àmì orí rẹ̀ wọlé. Bí a bá sì ní kí lẹ́tà máa yí bíríbírí bọ̀, lẹ́tà yóò yí tirẹ̀, àmì náà yóò yí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo jìyà èyí lọ́wọ́ software kan tí kò sí lára àwọn mẹ́ta tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn, tí n kò sì ní dárúkọ. Ìpolówó rẹ̀ sọ pé kò sí èdè tí kò lè gbé, mo sì san owó odidi ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ẹ̀dínwó. Fídíò ọ̀rọ̀ orin fún ẹgbẹ́ akọrin kan ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí ègbè bẹ̀rẹ̀, tí lẹ́tà ń já bọ́ láti òkè, àwọn àmì ohùn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ sáré sílẹ̀, àwọn mìíràn sì balẹ̀ sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tiwọn. Adarí ẹgbẹ́ náà, ìyá àgbàlagbà tí ó ti kọ́ni ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, dá fídíò náà padà, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni software náà. Wọ́n fèsì pé àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ọdún náà kò padà, mo sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ kún un. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ohun gbogbo tí mo bá fẹ́ rà fún iṣẹ́ mi.

Nínú After Effects, ojútùú rẹ̀ kò le. Bí ẹ bá fi Animator sórí ọ̀rọ̀, ẹ ṣí Range Selector, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Based On sí, kí ẹ yí i kúrò lórí Characters sí Words tàbí Lines. Odidi ọ̀rọ̀ ni yóò máa wọlé nígbà náà, kò sì sí bí àmì yóò ṣe yà kúrò lára lẹ́tà rẹ̀. Bí oníbàárà bá takú pé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ni òun fẹ́, àṣẹ Create Shapes from Text yóò sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kó àmì àti lẹ́tà rẹ̀ sí ojú kan.

Adobe Animate, tí a mọ̀ sí Flash kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2016, gba ọ̀nà tí ó lọ́ra jù, síbẹ̀ mo fẹ́ràn ọ̀nà náà fún ọ̀rọ̀ tí ń yọ bí ẹni pé ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ sún síwájú lórí timeline, ẹ tẹ F6 kí keyframe tuntun lè wà níbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà kejì kún un, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí gbólóhùn yóò fi parí. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń pinnu ohun tí yóò wọlé nínú keyframe kọ̀ọ̀kan, àmì kò ní ráyè sá lọ. Fún lẹ́tà tí yóò fò tàbí tí yóò yí, Break Apart ni yóò tú ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà lẹ́tà. Ẹ rí i dájú pé lẹ́tà àti àmì rẹ̀ wà nínú symbol kan náà, ìyẹn àpò tí Animate ń kà sí nǹkan kan ṣoṣo, kí ẹ tó lo Distribute to Layers, tí ń pín wọn sí layer (ìpele) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà orin kan lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Nínú Fusion, Text+ ni a fi ń kọ̀wé, ó sì ní Write On tí ń mú ọ̀rọ̀ yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti Follower tí ń mú kí lẹ́tà máa tẹ̀lé ara wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Text+ tirẹ̀, mo ń fi Merge so wọ́n pọ̀, mo sì ń sún keyframe wọn kí wọ́n má baà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Fún iṣẹ́ tí ó bá gba lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán nínú Inkscape, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo ń so àmì mọ́ lẹ́tà rẹ̀ níbẹ̀, kí n tó gbé e wọ Fusion gẹ́gẹ́ bí SVG, irú fáìlì àwòrán kan.

Èyíkéyìí tó bá wù yín, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́" sí i, ẹ ní kí lẹ́tà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dín ìyára rẹ̀ kù gan-an. Ẹ má fi "òróńbó" dán an wò, nítorí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ ló ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì ní fi àbùkù kankan hàn yín. Níbi ìdánwò yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọjọ́ méje ni Adobe, tó ni After Effects àti Animate, fi ń jẹ́ kí a lo tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti fi káàdì sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve kò ní òpin, kò béèrè káàdì, tí Fusion àti Text+ sì wà nínú rẹ̀.

Fọ́ǹtì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ológe kò ní ẹ, ọ àti ṣ rárá, software yóò sì yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, tí ojú ọ̀rọ̀ yóò fi rí wúruwùru. Noto Sans, Charis SIL àti Gentium kì í já mi kulẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

Owó

Owó After Effects àti ti Animate lé ní 20 dọ́là lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kò sì lè rà wọ́n tán. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ogún dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bí 9,200 náírà di 30,000, àní bí software fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni oníbàárà tí ẹ ti bá dúnàádúrà kò ní fi náírà kan kún tirẹ̀. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dá lílo káàdì náírà fún ọjà òkè òkun dúró. Àwọn kan ti dá a padà láìpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá so mọ́ owó oṣooṣù yẹ kí ó rántí pé ó lè tún ṣẹlẹ̀. Ẹ tún ka ìwé àdéhùn Adobe dáadáa: ẹni tí ó bá gba ètò ọdún kan tí à ń san lóṣooṣù, tí ó sì fẹ́ jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìdajì owó tí ó kù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà pe Adobe lẹ́jọ́ ní oṣù kẹfà 2024, wọ́n ní kò ṣàlàyé owó yìí kedere fún àwọn oníbàárà.

DaVinci Resolve Studio jẹ́ 295 dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjì. Mi ò tíì san owó kankan fún ẹ̀dà tuntun láti ìgbà tí mo ti rà á. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí fídíò yín, àfi bí ẹ bá lo irinṣẹ́ tí ó jẹ́ ti Studio nìkan, ó sì ń gbé fídíò jáde títí dé Ultra HD.

Àwọn nǹkan yòókù

After Effects ni ó ní àwọn preset ọ̀rọ̀ (ìrìn ọ̀rọ̀ tí a ti ṣe sílẹ̀) tí ó pọ̀ jù, òun sì ni fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní olùkọ́. Animate ni ó fúyẹ́ jù lára kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kì í rí àfikún tuntun bí àwọn méjì yòókù. Fusion le láti kọ́, nítorí node, ìyẹn àpótí kéékèèké tí a ń fi ìlà so pọ̀, ni ó ń lò dípò layer, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú tó là sí i.

Ibi tí mo dúró sí

Ẹni tí ó ń gbé ní London tàbí Houston, tí owó tí ń wọlé fún un jẹ́ pọ́n-ùn tàbí dọ́là, tí fídíò sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, After Effects yóò ṣe é lóore. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwòrán tí a ń fọwọ́ yà, tí ọ̀rọ̀ jẹ́ díẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀, lè gba Animate. Ẹni tí náírà ń wọlé fún ńkọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti Yorùbá pọ́ńbélé? Kí ó gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve lónìí, kí ó fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà gidi, kí ó sì dúró kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ mú owó Studio wá. Kọ̀ǹpútà nìkan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò: Blackmagic, tó ni Resolve, dámọ̀ràn 32 GB RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) fún ẹni tí yóò lo Fusion lórí Windows, 16 GB sì ni ó kéré jù. Bí 295 dọ́là bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, tí RAM yín kò sì ju 8 GB lọ, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lára owó náà rà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yóò máa bá yín ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi padà wá ra Studio.