Worbarrow Bay, Dorset: ẹja wà, àmọ́ ṣọ́jà ló ni géètì

Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún la fún etíkun ìpẹja yìí, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ká ní ti omi àti ẹja nìkan ni, ì bá gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fà á wálẹ̀ ni pé inú pápá ìyìnbọn Lulworth lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó dé etíkun náà, níbi táwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi táǹkì dánra wò láti ọdún 1917. Ní December 1943, wọ́n kó àwọn ará abúlé Tyneham kúrò kí pápá náà lè fẹ̀ sí i, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n padà wálé mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ahoro abúlé yẹn gan-an lẹ máa gbọ́kọ̀ sí.

Kẹ́ ẹ tó wo ìgbà tí òkun máa kún, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí pápá máa ṣí. Ó wà lórí ìkànnì ìjọba, GOV.UK. Ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, láti aago 9 àárọ̀ Sátidé títí di aago 8 àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n sì tún máa ń ṣí i lásìkò ìsinmi ńlá. Ọ̀pọ̀ la wí o, a ò sọ pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan wà lọ́dún tí ìbọn á máa dún ní Sátidé, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ apẹja ti ń fi epo ọkọ̀ ṣòfò: wọ́n á gbéra láti London, wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á bá a ní títì. Kì í ṣe etíkun nìkan ló ń tì o. Bí ìbọn bá ń dún, ọ̀nà mọ́tò tó sọ̀ kalẹ̀ sí Tyneham náà ò ní ṣeé gbà. Bẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa lórí òkè, tàbí iná pupa lálẹ́, ẹ má jiyàn, ẹ ṣẹ́rí ọkọ̀.

Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé etíkun tó nǹkan bíi máìlì kan, ọ̀nà náà sì tẹ́jú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ru gbogbo ẹrù yín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní Tyneham. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè ra ìdẹ tàbí oúnjẹ, torí náà ẹ parí ọjà rírà ní ìlú Wareham. Pípàgọ́ kò sí níbẹ̀, dídá iná náà kò sí. Èyí ló mú ká yọ ìràwọ̀ kúrò: ẹja bass àti conger tó máa ń jẹun lálẹ́ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ lọ. Ibi ìpẹja ọ̀sán ni.

Àwọn òpó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò ló ń fi ibi tí ọ̀nà dé hàn. Ẹ má kọjá wọn, kódà bí àpáta tó wà lódìkejì bá dà bí ibi tí ẹja pọ̀ sí. Ọta ìbọn ńlá tí kò bú ṣì wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gba ẹ̀rọ tó ń wá irin láyè rárá, ìdí náà sì nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ gbé ìdẹ yín wá látilé, kẹ́ ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ wá ekòló. Bí irin tó dógùn-ún bá yọ orí láàárín òkúta, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fẹsẹ̀ ta á. Ẹ ṣàmì ibi tó wà, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ pápá. Etíkun kékeré Arish Mell tẹ́ ẹ máa rí lápá ìwọ̀-oòrùn, tó funfun tó sì lẹ́wà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí pápá ṣí.

Ó wá ku ẹja. Lápá ìlà-oòrùn etíkun náà, nídìí òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Worbarrow Tout, àpáta ti wọ inú omi, koríko òkun sì bò ó. Ilé ẹja wrasse nìyẹn. Ẹ má ju ìwọ̀ jìnnà; yáàdì 10 sí 20 ti tó, torí ẹ̀gbẹ́ àpáta ló ń jẹun sí. Akàn ni ìdẹ tó dára jù, ekòló ló tẹ̀ lé e, lórí ìwọ̀ nọ́ńbà 1/0 tàbí 2/0 tí irin rẹ̀ nípọn. Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òjé á há sáàárín àpáta, okùn á já, ẹja á bá a lọ. Ẹ fi okùn tí kò lágbára so òjé mọ́ okùn ńlá: bí okùn ńlá bá jẹ́ ti pọ́n-ùn 20, kí ti òjé jẹ́ 8. Bó bá há, òjé nìkan ni yóò já, ẹja àti ìwọ̀ á padà sọ́wọ́ yín. Gbàrà tí wrasse bá ti jẹ ìdẹ ni kẹ́ ẹ gbé orí ọ̀pá sókè kẹ́ ẹ sì fà á; bẹ́ ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti wọ ihò.

Ti Títù rọrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ so ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ mẹ́ta mọ́ òjé áúǹsì 3, kẹ́ ẹ jù ú láti orí òkúta wẹẹrẹ etíkun. Àwọn tó ń so mẹ́fà ń wá ìjọ̀gbọ̀n okùn ni. Bẹ́ ẹ bá mú bass, èyí tí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ dá a padà. Iye tẹ́ ẹ lè mú lọ lóòjọ́ àti oṣù tó tọ́ máa ń yí padà, ẹ wò ó lórí GOV.UK kẹ́ ẹ tó lọ. Láti etíkun, òkun kò béèrè ìwé àṣẹ ìpẹja ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti omi odò ló ń béèrè.

Òkun apá ibẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Bó bá fà tán, ó máa ń gbéra díẹ̀, á tún fà lẹ́ẹ̀kejì kó tó kún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé omi ti ń bọ̀, á ti palẹ̀ mọ́, òfo ni. Wákàtí 2 tó gbẹ̀yìn kí omi tó kún pátápátá ló dára jù. Lásìkò yẹn ni omi á gbé koríko òkun sókè tí wrasse á jáde. Ẹ má jókòó sábẹ́ ògiri àpáta o, ó máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ìbọn ń dún, ó lè kọjá, àmọ́ kò gbọdọ̀ dúró, kò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró, kò gbọdọ̀ pẹja. Ọkọ̀ àwọn olùṣọ́ pápá á wá bá a.

Bẹ́ ẹ bá bá géètì ní títì, Kimmeridge Bay ló kàn. Ó wà níta pápá, ẹ máa san owó ojú ọ̀nà, àpáta rẹ̀ sì tẹ́jú bíi pèpéle. Omi rẹ̀ kò jìn, nítorí náà ìgbà tí òkun bá kún nìkan ló tọ́ láti ju ìwọ̀ sí i.