Kíláàsì títẹ àyà tí mo lọ ṣe ní Yaba: 4 nínú 5 ni mo fún wọn

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣubú lulẹ̀ níbi ìnáwó kan ní Surulere lọ́dún tó kọjá, àwa ń da omi sí wọn lórí, ẹnìkan ń fi ṣíbí la ẹnu wọn, ẹlòmíì ń pariwo "Jésù! Jésù!", kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àyà wọn. Ká tó gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nǹkan tó gbé mi dé kíláàsì yìí nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ dáwọ́ dúró (CPR), Sátidé kan gbáko, 15,000 náírà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàròyé mi. Wọ́n ní aago 9, a bẹ̀rẹ̀ ní 10:40. Ọmọláńgidi mẹ́ta tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà fún èèyàn 19, gẹ́ẹ̀nì sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa mọṣẹ́ gan-an o, ó ní kí n yéé fọwọ́ pa àyà lára bí ẹni ń wẹ ọmọ, kó wọlé tó 5 cm ó kéré tán, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí òógùn fi bò mí bí ẹni ń gúnyán òde.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni fídíò ECMO, ẹ̀rọ kan tó ń gba iṣẹ́ ṣe fún ọkàn tó dáwọ́ dúró. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ tẹ àyà wọn, ẹ fi iná ta ọkàn wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn yẹn á ṣì kọ̀ jálẹ̀. Lókè òkun níbi tí wọ́n ti ní in, wọn ò ní dáwọ́ títẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni dókítà á máa ki rọ́bà ńlá méjì bọ iṣan níbi ìtan, ọ̀kan á fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀rọ á fi ọ́síjìn sí i, èkejì á dá a padà sára, ẹ̀rọ náà ló wá ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò wo ọkàn sàn o, àyè ló ń fún dókítà kó lè la iṣan tó dí. Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní "Tí NEPA bá múná lọ ńkọ́?" a bú sẹ́rìn-ín, àṣé ìbéèrè gidi ni, nọ́ọ̀sì ní ó ní bátìrì, ó tún ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i bíi máṣíìnì télọ̀.

Ó ní nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Minneapolis l'Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, èèyàn 6 nínú 14 tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ ló kúrò lọ́sibítù láàyè, nínú 15 tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹyọ 1 péré. Mo fẹ́ràn pé kò fi pamọ́ fún wa pé ti Netherlands tó jáde ní 2023 ò rí irú ìyàtọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò sì tẹ àyà ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ á ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ. Pẹ̀lú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ikorodu Road yìí, ẹ pe 112 kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lọ ni. Ẹ fi ṣíbí sílẹ̀.

Mo ti sanwó fún ọkọ mi àtàwọn ọmọ méjèèjì, kí wọ́n ṣáà wá ọmọláńgidi kún un. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wọ ṣòkòtò lọ o, orí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà ṣúlẹ̀.